Ẹni Tó Dákẹ́ Ni Kí O Kọ́kọ́ Wò

Banigbé

Àjọkẹ́ mi,

Bàbá rẹ sọ fún mi pé o ti parí ọdún méje ìmọ̀ ìṣègùn ní Kútọnu, pé iṣẹ́ abẹ lo fẹ́ kọ́ lé e, láti máa tọ́jú àwọn tí ọkọ̀ gbá, àwọn tó já lórí ọ̀pẹ, àwọn tí iná jó. Ìyá rẹ ní ọdún mẹ́rin márùn-ún mìíràn ti pọ̀ jù fún obìnrin. Fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi.

Nọ́ọ̀sì abúlé ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì. N kò mú ọ̀bẹ abẹ rí, ìdí nìyẹn tí n kò fi ní kọ́ ọ ní ohun tí àwọn ọ̀gá rẹ ní ilé ìwòsàn CNHU mọ̀. Ohun tí wọ́n ń gbé wá láti ojú títì lóru ni mo mọ̀. Ìwọ náà mọ títì wa, pẹ̀lú ọ̀kadà tó ń kó kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, bọ̀ láti Igolo ní ẹnubodè, kẹ́ẹ̀gì yí awakọ̀ ká, iná iwájú kò tàn.

Lóru ọjọ́ kan, wọ́n gbé ọkùnrin méjì wá lórí ọ̀kadà zém kan ṣoṣo. Ọ̀kan ń ké débi pé àdúgbò jí. Eegun ojúgun rẹ̀ ti ṣẹ́. Ìkejì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò sí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, ó kàn ní kí n fún òun lómi mu. Mo ní kó ṣe sùúrù. Mo fi pákó di ẹsẹ̀ ẹni tó ń ké, mo gún un lábẹ́rẹ́, mo fọ ojú ọgbẹ́. Ìgbà tí mo máa yíjú padà, òógùn ti bo ìkejì, ọwọ́ rẹ̀ tutù nini, ikùn rẹ̀ le bí awọ ìlù. A ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Àjàṣẹ́, kò débẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sínú ikùn rẹ̀ ni òùngbẹ yẹn. Bíi lítà márùn-ún ẹ̀jẹ̀ ló wà lára àgbàlagbà, ikùn sì lè gba púpọ̀ nínú rẹ̀ láìjẹ́ kí ẹ̀kán kan hàn síta. Ẹni tó ń ké yẹn ṣì máa ń kí mi lọ́jà, ó ń tiro díẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú rẹ̀ ń bá. Lóṣù kejì ọdún 1976, bàálù kékeré tí dókítà eegun kan, James Styner, ń wà já ní Nebraska ní Amẹ́ríkà. Ìyàwó rẹ̀ kú, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin fara pa. Ìtọ́jú tí wọ́n rí lálẹ́ ọjọ́ náà bí i nínú gan-an. Nígbà tó fi máa di 1978, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn dókítà ní ìlànà tí à ń pè ní ATLS: ọ̀nà ọ̀fun ṣáájú, èémí tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà ọpọlọ, kí o tó wá bọ́ aṣọ aláìsàn láti wo gbogbo ara rẹ̀. Eegun tó ń pariwo yóò dúró de ìgbà tirẹ̀. Ẹni tí iná kpayo bá jó ńkọ́? Bí ohùn rẹ̀ bá há, má jẹ́ kí awọ tó bó gbé ọ lójú lọ; ọ̀fun ló ń dí.

Kọ́ láti fi iṣẹ́ abẹ sílẹ̀ láìparí pẹ̀lú. Èyí máa ń nira fún ọ̀dọ́. Ẹ̀jẹ̀ ara tó ti tutù kì í dì dáadáa mọ́. Bí o bá ní dandan o fẹ́ rán gbogbo rẹ̀ tán, orí tábìlì ni aláìsàn yóò kú sí. Fi aṣọ dí ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀, bò ó, jẹ́ kí ara rẹ̀ móoru, padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Má sì bú àwọn tó ń to eegun. Lóòótọ́, mo ti rí ẹsẹ̀ tó dúdú nítorí ìdì tó le jù, tí wọ́n sì gé e. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wọn ló sún mọ́ àwọn èèyàn wa, owó wọn kò sì ga. Ọ̀kan tó wà nítòsí wa gbà fún mi pé òun á máa ti ìka bọ abẹ́ ìdì láràárọ̀. Bí ìka kò bá wọlé, á tú u. Bí o bá wálé, màá mú ọ lọ kí i.

Mo fi gaàrí àti ata gbígbẹ rán awakọ̀ tó ń ti Igolo bọ̀. Pè mí tó bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.