Ìwà Tí Ó Yẹ Olùwádìí

Ní 1996, bí àrùn yírùnyírùn ti ń jà ní Kánò, ilé-iṣẹ́ Pfizer fún ọmọ bíi 100 ní oògùn tuntun, Trovan, láti dán an wò. Àwọn òbí ní a kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Pfizer ní wọ́n fi ẹnu gbà.

Nítorí náà, àwa rò pé kí akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì tí ń lépa oyè kejì ní Yunifásítì Ladoke Akintola, Ògbómọ̀ṣọ́, kọ́kọ́ fi Yorùbá pọ́ńbélé ṣàlàyé fún ìyá ọlọ́mọ kan ìdí tí òun fi fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀, àti pé bí ó bá kọ̀, a kò ní torí rẹ̀ dá ìtọ́jú ọmọ náà dúró. (Ó ṣòro ju bí a ti ń rò lọ!) Kí ìyá náà wá tún un sọ. Bí kò bá lè tún un sọ, kí akẹ́kọ̀ọ́ tún ṣàlàyé, kí ó má sì tíì fọwọ́ kan abẹ́rẹ́.