Àpótí Ìmọ̀: Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Kẹrìnléláàádọ́ta (54th) ti Massachusetts

Ní ọdún 1863, nígbà Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, Gómìnà John Andrew ti ìpínlẹ̀ Massachusetts dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ kẹrìnléláàádọ́ta sílẹ̀. Aláwọ̀ dúdú tó fínnúfíndọ̀ wá ni wọ́n. Ọmọ méjì tí Frederick Douglass, ajìjàgbara aláwọ̀ dúdú tó tako ìkónilẹ́rú, bí wà níbẹ̀. Aláwọ̀ funfun ni ọ̀gá wọn, Robert Gould Shaw.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Keje, wọ́n gba etíkun oníyanrìn kọlu Fort Wagner, odi àwọn ọmọ ogun Gúúsù, nítòsí Charleston ní South Carolina. Ọwọ́ wọn kò tẹ odi náà, Shaw sì kú síbẹ̀. Nígbà tí ẹni tó gbé àsíá ṣubú, Sájẹ́ǹtì William Carney gbà á. Ọta ìbọn bà á, síbẹ̀ ó gbé àsíá padà dé ọ̀dọ̀ àwọn tirẹ̀. Ọdún 1900 ni wọ́n tó fún un ní Medal of Honor, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà tó ga jù lọ fún ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Ó pẹ́ jù.

Ìwà akin mìíràn wà tí kì í ṣe ti ìbọn. Dọ́là 13 lóṣù ni wọ́n ṣèlérí fún wọn. 10 ni ìjọba fẹ́ san, wọ́n á tún yọ 3 níbẹ̀ fún aṣọ. Wọn ò gbà á rárá. Kódà nígbà tí ìpínlẹ̀ wọn ní òun á fi owó tirẹ̀ dí i, wọ́n kọ̀. Láìgbowó ni wọ́n jagun Olustee ní Florida ní oṣù Kejì ọdún 1864, kí ìjọba tó gbà lọ́dún náà láti san iye kan náà fún ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú àti funfun.