Ẹ Ka Ọjọ́ Ikú Òròmọdìyẹ Kí Ẹ Tó Fura sí Aládùúgbò

LẸ́TÀ



Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìkìrun ni mò ń gbé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, mo ra òròmọdìyẹ 25 lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kiri wọn nínú páálí ní ibùdókọ̀. Gbogbo wọn funfun, wọ́n sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìyeyè. Ó ní léyà, ìyẹn adìyẹ ẹyin, ni wọ́n, pé abo ni gbogbo wọn. Mo tẹ́ ìwé ìròyìn sínú páálí ńlá kan, mo gbé e sí igun ilé ìdáná, mo sì tan gílóòbù lé wọn lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná máa ń lọ lóru. Ní ọjọ́ kejì, méjì kú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, 17 ti lọ. Mẹ́jọ tó kù ti pé oṣù mẹ́ta báyìí, ogbe orí wọn ti pọ́n, wọ́n sì ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ.

Obìnrin kan ní àdúgbò wa yà wò mí ní ọjọ́ kẹta, ó ní, “Wọ́n mà pọ̀ o!” Àwọn ènìyàn mi ní ojú rẹ̀ ló pa wọ́n. Mo fẹ́ tún gbìyànjú, nítorí ẹyin tí èmi àti àwọn ọmọ-ọmọ mi yóò máa jẹ. Níbo ni kí n ti rà wọ́n? Ṣé mo lè dà wọ́n pọ̀ mọ́ adìyẹ ìbílẹ̀ mẹ́ta tí mo ní?

Ìyá Olùkọ́, Ìkìrun

ÌDÁHÙN

Màmá, ẹ kú àdánù. Kí á tó sọ̀rọ̀ ibi tí ẹ ó ti ra òmíràn, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ dá obìnrin aládùúgbò yín láre, nítorí lẹ́tà ẹ̀yin fúnra yín ló jẹ́rìí fún un. Méjì ti kú ní ọjọ́ kejì. Ọjọ́ kẹta ni òun tó yà wò yín. Ohun tó ń pa wọ́n ti wà nínú ilé kí ó tó dé. Bí ẹ bá ti ń yẹra fún un, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ kí i. Ẹni tó bá gbà pé ojú ènìyàn ló pa adìyẹ òun kò ní wá ohun tó pa wọ́n ní tòótọ́, ohun náà yóò sì tún pa èyí tó bá rà lẹ́yìn wọn.

Nínú ọ̀rọ̀ òròmọdìyẹ, ọjọ́ ikú ni ẹlẹ́rìí. Èyí tó bá kú kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, òtútù, òùngbẹ tàbí ìdodo tí kò jinná ló sábà máa ń pa á. Bí ó bá jẹ́ láti bí ọ̀sẹ̀ kẹta lọ ni, tí ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú ìgbẹ́ wọn, àrùn kọkisídíósíìsì ni kí ẹ fura sí. Ibùsùn tó ní ọ̀rinrin ló fẹ́ràn. Bí wọ́n bá ń kú wọ̀ọ́wọ̀ọ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan, tí ìgbẹ́ wọn ní àwọ̀ ewé, tí ọrùn àwọn mìíràn ń lọ́, Newcastle nìyẹn, àrùn tí ọ̀pọ̀ ń pè ní lúkúlúkú. Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà, láàárín oṣù Kejìlá ọdún 1952 sí oṣù Kejì ọdún 1953. Títí di òní, ìgbà ọyẹ́ ló máa ń jà jù.

Ti yín bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ní ọjọ́ karùn-ún. Nítorí náà, ibi tí ẹ ti rà wọ́n àti bí ẹ ṣe gbà wọ́n sílé ni kí á yẹ̀ wò.

Òròmọdìyẹ máa ń gbé oúnjẹ wá sáyé. Ìyókù pupa ẹyin máa ń wọ inú rẹ̀ kí ó tó fọ́ èèpo jáde, ìyẹn sì lè gbé e ró fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta láìjẹ láìmu. Òun ló mú kí ó ṣeé ṣe láti kó wọn sínú ọkọ̀ lọ sí ìlú tó jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kiri wọn ní ibùdókọ̀ kò ní sọ fún yín pé ọjọ́ kelòó nìyí tí wọ́n ti jáde. Tó bá jẹ́ ọjọ́ kẹta ni ẹ rà wọ́n, oúnjẹ inú wọn ti tán, oòrùn sì ti gba omi ara wọn.

Òtútù oṣù Kejìlá wá bá wọn nílé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, òròmọdìyẹ nílò ooru tó tó 32 sí 35°C, nítorí kò tíì lè mú ara rẹ̀ gbóná. Bí gílóòbù yín bá jẹ́ ti ìgbàlódé tí kì í jẹ iná púpọ̀, ìmọ́lẹ̀ lásán ló ń fún wọn. Gílóòbù àtijọ́ oníwáyà, tó máa ń jó ni lọ́wọ́ bí a bá fọwọ́ kàn án, ló ń mú ibùsùn gbóná. Nígbà tí iná bá sì lọ ní òru ọyẹ́, wákàtí méjì péré ti tó láti pa wọ́n.

Ní ti mẹ́jọ tó kù, akọ ni wọ́n lóòótọ́. Bí ISA Brown, léyà pupa tó wọ́pọ̀ ní ọjà wa, bá ti jáde láti inú ẹyin ni àwọ̀ wọn ti yàtọ̀: abo máa ń pọ́n bí ilẹ̀ pupa, akọ sì máa ń funfun bíi tàwọn tí ẹ rà. Akọ léyà kì í yé, kì í sì í tètè sanra, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tà á ní pọ́ọ́kú. Kọ́kúrẹ́ẹ̀lì, ìyẹn akọ náà, ni wọ́n ta fún yín ní orúkọ léyà. Ẹ máa bọ́ wọn lọ. Wọn yóò ṣeé pa jẹ bí wọ́n bá ti pé oṣù mẹ́rin sí márùn-ún.

Níbo ni kí ẹ ti rà?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún ẹni tó fẹ́ sin díẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ọ̀nà kìíní ni òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan láti hátṣẹ́rì, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin. Àwọn tó ń ta oúnjẹ adìyẹ ní Òṣogbo tàbí ní ìlú yín ló sábà máa ń gba orúkọ àti owó sílẹ̀, wọn yóò sì sọ ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò kó wọn dé. Ẹ béèrè orúkọ hátṣẹ́rì náà, ẹ wò ó lára páálí, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn Marek, nítorí hátṣẹ́rì ló yẹ kó fún wọn ní ọjọ́ tí wọ́n jáde. Páálí kan sábà máa ń gba 50. Bí ẹ kò bá fẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹ bá ẹlòmíràn pín in.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú wọn lọ́wọ́ wò. Kí ojú wọn mọ́, kí ẹsẹ̀ wọn máa dán, kí ìdodo wọn ti pa dé, kí ó sì gbẹ. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ gbalaja sórí àtẹ́lẹwọ́. Èyí tó bá le yóò dìde lójú ẹsẹ̀. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti hunjọ, òùngbẹ ti mú un jù, ẹ dá a padà.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ rà wọ́n lọ́wọ́ ẹni tó ti tọ́ wọn dé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Wọ́n wọ́n ju ọlọ́jọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti hu ìyẹ́, wọn kò nílò iná mọ́ bí kò bá sí òtútù líle, ọ̀sẹ̀ tó ń pa wọ́n jù sì ti kọjá. Ẹ gba ìwé tí wọ́n kọ ọjọ́ àjẹsára wọn sí. Ẹni tí kò bá lè fi ìwé náà hàn, ẹ má rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta wà nínú ọgbà yín tẹ́lẹ̀, èyíinì ni àgbébọ̀ ìbílẹ̀ yín. Nígbà tó bá sàba, ọjọ́ 21 ni ẹyin rẹ̀ yóò fi pamọ. Bí ẹ bá sì ti fi orúkọ sílẹ̀ fún òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan tí yóò dé ní àsìkò kan náà, ẹ lè ki 10 sí 12 bọ abẹ́ rẹ̀ lóru, nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú tí kò ríran. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó ti gbà wọ́n ní ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ pa iná ara rẹ̀, kí ẹ sì fi àgò bo òun àti àwọn ọmọ ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Àwọn ìyá wa máa ń fi aró kun òròmọdìyẹ nítorí àṣá. Àgò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tún ń dá ológbò dúró.

Bí ó bá jẹ́ ọlọ́jọ́ kan ni ẹ mú

Ẹ tan iná sí ibùsùn wọn kí ọkọ̀ tó gbé wọn dé, kí ilẹ̀ ibẹ̀ ti gbóná. Ẹ tẹ́ èérún pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń já bọ́ níbi tí káfíńtà ti ń fá pákó. Ìwé ìròyìn ń yọ̀, ẹsẹ̀ òròmọdìyẹ á máa là sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí rẹ̀ títí yóò fi rọ. Ẹ fi páálí yí wọn po róbótó, nítorí igun ni wọ́n ti ń gun ara wọn lórí tí wọ́n sì ń fún ara wọn pa. Nítorí iná ìjọba, ẹ ní ìkòkò èédú ní ìpamọ́. Ìta ni kí ẹ ti fẹ́ èédú náà títí yóò fi pọ́n tí kò ní èéfín mọ́, kí ẹ tó gbé e wọlé, kí afẹ́fẹ́ sì ní ojú ihò tí yóò gbà jáde lókè. Èéfín èédú nínú yàrá tó dí pa ń pa adìyẹ, ó sì ń pa ènìyàn.

Bí ẹ kò bá ní tẹmómítà, àwọn fúnra wọn yóò sọ fún yín. Òwe ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí á mọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí òròmọdìyẹ dúró sí kò fi nǹkan pamọ́. Bí wọ́n bá kó jọ sábẹ́ iná tí wọ́n ń ké, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá fún iná, tí wọ́n la ẹnu tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ooru ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá kó jọ sí apá kan, atẹ́gùn ń wọlé láti apá kejì. Bí wọ́n bá tàn káàkiri, tí wọ́n ń jẹ tí wọ́n ń sùn, ó ti dára. Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ dín ooru náà kù ní ìwọ̀n bíi 3°C.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fún wọn, kí ẹ fi gúlúkóòsì díẹ̀ sí i, kí ẹ sì ti ẹnu méjì mẹ́ta bọ inú rẹ̀ kí àwọn yòókù lè wò wọ́n kọ́. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sínú àwo omi kí wọ́n má bàa rì. Ní alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ fọwọ́ kan àpò oúnjẹ tó wà lábẹ́ ọrùn wọn: bí ó bá kún tí ó sì rọ̀, ó ti jẹ, ó ti mu. Oúnjẹ òròmọdìyẹ ni kí ẹ rà, kì í ṣe ti léyà tó ti ń yé. Èròjà tó ń mú èèpo ẹyin le pọ̀ nínú ìyẹn, ó sì lè ba kíndìnrín ọmọ kékeré jẹ́.

Àjẹsára àti adìyẹ ìbílẹ̀ yín

Yàtọ̀ sí àwọn tí ẹ bá ki bọ abẹ́ àgbébọ̀, ẹ má dà wọ́n pọ̀ lójú ẹsẹ̀. Adìyẹ ìbílẹ̀ tó ń rìn káàkiri lè gbé àrùn kí ara rẹ̀ má sì fi hàn. Ẹ ya àwọn tuntun sọ́tọ̀ fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì, kí àwọn àtijọ́ sì ti gba àjẹsára Newcastle kí wọ́n tó pàdé. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa àrùn ẹranko tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe irú rẹ̀ kan tó ń jẹ́ I-2, tí kò tètè bàjẹ́ nínú ooru. Ẹ̀kán kan sójú adìyẹ kọ̀ọ̀kan ni, ẹ ó sì máa tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Ní ti òròmọdìyẹ, àjẹsára Gumboro sábà máa ń jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ kejì, Lasota, tó jẹ́ àjẹsára Newcastle, ti ọ̀sẹ̀ kẹta. Dókítà ẹranko ní ìjọba ìbílẹ̀ yín yóò kọ ìyókù fún yín. Inú yìnyín ni kí ẹ ti gbé oògùn náà wálé. Omi kànga tàbí ti òjò ni kí ẹ fi pò ó, nítorí kẹ́míkà inú omi ẹ̀rọ ìjọba ń pa á. Ẹ má fún wọn lómi fún bíi wákàtí kan ṣáájú, kí òùngbẹ lè mú wọn mu ún tán láàárín wákàtí méjì. Ìgò tó kéré jù ṣì pọ̀ ju adìyẹ yín lọ, nítorí náà ẹ pe àwọn aládùúgbò tó ń sin adìyẹ kí ẹ jọ lò ó ní ọjọ́ kan náà. Bí ti ẹ̀gbẹ́ yín kò bá gba àjẹsára, ti yín náà kò tíì bọ́.

Bí ọ̀pọ̀ bá sì kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má pa ìyókù jẹ, ẹ má tà wọ́n. Láti ọdún 2006 tí wọ́n ti rí àrùn bird flu ní Kàdúná, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Áfíríkà, ó ti di dandan kí á kọ́kọ́ pe dókítà ẹranko.

Ìmọ̀ràn mi

Màmá, iná kò dúró ní àdúgbò yín, ẹ̀yin nìkan sì ni ẹ ó máa jí lóru. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ gbà báyìí: ẹ ra abo 12 tó ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, tó ní ìwé àjẹsára. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó ṣeé jẹ tó sì ń yé, tó tún lè ta ilẹ̀ jẹ, ẹ béèrè Noiler, tí hátṣẹ́rì kan ní Awẹ́ nítòsí Ọ̀yọ́ ń pa, tàbí FUNAAB Alpha, tí yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta mú jáde. Bí ẹyin nìkan bá ni ẹ fẹ́, léyà pupa ló ń yé jù.

Ẹ ṣírò oúnjẹ kí ẹ tó rà wọ́n. Léyà kan ń jẹ bíi gíráàmù 115 lójúmọ́ nígbà tó bá ń yé. 12 yóò jẹ bíi kílò kan àti gíráàmù 380, nítorí náà àpò kílò 25 kan yóò tó yín fún bí ọjọ́ 18. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í yé ní nǹkan bí oṣù márùn-ún, ẹ lè máa rí ẹyin mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá lójúmọ́. Bí owó ìfẹ̀yìntì yín bá lè gbé àpò oúnjẹ kan ní gbogbo ọjọ́ 18 títí di oṣù náà, ẹ rà wọ́n. Bí kò bá lè gbé e, ẹ ra mẹ́fà, kí ẹ bọ́ wọn yó. Mẹ́fà tó yó yóò yé ju 12 tí ebi ń pa lọ.