Ohùn Tó Ń Wáṣẹ́

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ tó ń wáṣẹ́ ní Upper Sakponba, ní ìlú Benin, fi ń yá táì, tó sì ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n kí ọ̀gá tó rí táì, ó ti gbọ́ ohùn lórí fóònù.

Ẹ wo àbúrò kan létí títì. Jẹnẹrétọ̀ oní-fọ́tókọ́pì ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń fọn fèrè, nọ́ńbà tí kò mọ̀ bá wọlé. Ó lọgun: "Who be dis?" Kò bú ẹnikẹ́ni, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Àmọ́ obìnrin tó pè é láti ọ́fíìsì ti fi bírò sàmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Àbúrò, bí o bá ti ń retí ìpè, fi "Good morning" gbé gbogbo nọ́ńbà àjèjì. Bí ariwo bá pọ̀, sọ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fún ọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò sí ẹni tó máa torí ìyẹn bínú.

Ní ọdún 2015, Juliana Schroeder àti Nicholas Epley ti Yunifásítì Chicago tẹ ìwádìí kan jáde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òwò sọ ìdí tó fi yẹ kí iléeṣẹ́ gbà wọ́n. Nínú àwọn tó ń yẹ̀ wọ́n wò, àwọn kan ka ọ̀rọ̀ náà lórí ìwé, àwọn kan gbọ́ ọ, àwọn kan wo fídíò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni o, síbẹ̀ àwọn tó gbọ́ ohùn ló ka akẹ́kọ̀ọ́ sí ọlọ́gbọ́n jù, àwọn ló sì fẹ́ gbà á síṣẹ́ jù. Fídíò kò fi nǹkan kan gbòógì kún un. (Táì tí a yá ńkọ́?) Nítorí náà, má fi ìwé nìkan ránṣẹ́ bí o bá lè dé ibẹ̀ fúnra rẹ, tàbí kí o pè wọ́n.

Ẹ̀kọ́ ilé pàápàá máa ń ṣe wá ní jàǹbá níbí. Àtọmọ Yorùbá àtọmọ Ẹ̀dó, wọ́n kọ́ wa pé ọmọlúwàbí kì í gbé ohùn sókè níwájú àgbà. Ọmọ náà á wá jókòó síwájú àwọn ọ̀gá mẹ́ta, á máa gbé ìparí ọ̀rọ̀ mì, wọ́n á ní kò mọ nǹkan kan. Fi "sà" àti "mà" sí i dáadáa, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ohùn rẹ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jìnnà jù nídìí tábìlì. Gba ohùn ara rẹ sílẹ̀ lórí fóònù nílé, kí o tẹ́tí sí i: ṣé ò ń sáré? Ṣé ò ń mí?

Má sọ̀rọ̀ nímú bí òyìnbó. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀ a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ní Benin, níbi tí ìkíni àárọ̀ ti ń sọ ìdílé ẹni, tí ìdílé Ọba ń kí "Lamogun", kí ni èèyàn ń tijú ahọ́n abínibí sí? Ará Ìbàdàn tó ń fi "s" rọ́pò "ṣ" kò jẹ gbèsè, bí gbólóhùn rẹ̀ bá ṣáà ti yéni.

Ẹ̀yin ọ̀gá náà, etí máa ń ṣe ojúsàájú. Ní 1999, onímọ̀ èdè John Baugh àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jábọ̀ pé ọkùnrin kan ṣoṣo fi ohùn mẹ́ta pe àwọn onílé tó ń wá ayálégbé nítòsí San Francisco: ti òyìnbó, ti aláwọ̀ dúdú, ti ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ ìran Mẹ́síkò. Ní àdúgbò àwọn òyìnbó, ohùn òyìnbó ló rí ààyè wo ilé jù, láìtíì rí ojú rẹ̀ rárá. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ti rédíò, ẹ wo ohùn. Bí ó bá jẹ́ ti ìṣirò owó, ẹ bi gbogbo wọn ní ìbéèrè kan náà, kí ẹ gbé ìwé àkọsílẹ̀ oṣù kan síwájú wọn, kí ẹ ní kí wọ́n wá àṣìṣe inú rẹ̀.