Ẹ̀rọ Ìbánisọ̀rọ̀ Alágbèéká

Ní ayé àtijọ́, bí Yorùbá kan bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn, a máa di àrokò fún ìránṣẹ́. Bí ó bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́, ẹni tí ó gbà á yóò mọ̀ pé ọkàn onítọ̀hún fà sí òun. Ẹsẹ̀ ni a fi ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lónìí, ẹ̀rọ kékeré ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1973, Martin Cooper, ará Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ pe ènìyàn ní ìlú New York. Ẹ̀rọ tirẹ̀ wúwo ju kílógíráàmù kan lọ. Ní ọdún 2001 ni GSM dé ilẹ̀ Nàìjíríà. Ti ìsinsìnyí ń ya àwòrán, ó ń fi ọ̀nà han àlejò, a sì ń fi í sanwó ọjà.

Ṣùgbọ́n ewu ń bẹ níbẹ̀. A lè sáré pe ìránṣẹ́ àtijọ́ padà kí ó tó kọjá odi ìlú. Ọ̀rọ̀ tí a fi ẹ̀rọ yìí rán kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a tilẹ̀ pa á rẹ́ nínú ẹ̀rọ tiwa, ó ti lè wà nínú ti ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ irọ́ tí ó ba ọmọlàkejì lórúkọ jẹ́, ta ni yóò kó o jọ? Àwọn àgbà ní, “Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́, fífọ́ ni ń fọ́.”

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ máa ronú kí ẹ tó ránṣẹ́. Ẹ̀rọ kì í tijú irọ́. Ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ ni ojú ń tì.