Owó Ìlú àti Àwọn Ìdílé Zongo

Moshie Zongo jẹ́ àdúgbò kan ní Tamale, ní àríwá Gánà. Orúkọ àwọn Mọ́sí, tí ilẹ̀ wọn wà ní Burkina Faso òde òní, ló ń jẹ́. Zongo pọ̀ ní Gánà: ibi tí àwọn àlejò tẹ̀dó sí ni. Àwọn Yorùbá náà ṣòwò pẹ́ ní Tamale, kó tó di pé ìjọba Gánà lábẹ́ Busia pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú fi Gánà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní 2017, ìjọba Ààrẹ Nana Akufo-Addo dá ilé-iṣẹ́ mínísítà sílẹ̀ fún Zongo àti àwọn àdúgbò àárín ìlú. Wọ́n tún ṣòfin àpò owó Zongo lọ́dún kan náà. Ní 2021, wọ́n pa ilé-iṣẹ́ mínísítà náà rẹ́. Ohun tí ààrẹ kan dá sílẹ̀, ààrẹ lè fòpin sí i. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ mọ owó mìíràn tí ìdí rẹ̀ dúró ju ti Zongo yìí lọ.

Òfin ńlá Gánà ti 1992 ló dárúkọ rẹ̀, ní apá 252. Bí sídì 100 bá wọ àpò ìjọba, ó kéré tán, sídì 5 gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ fún ìdàgbàsókè. Common Fund ni wọ́n ń pe àpò náà. Kì í ṣe àánú ìjọba. Ìyá tó ra ọjà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gba owó orí VAT ti dá tirẹ̀ sí i. Owó yìí ni wọ́n fi ń kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ilé ìwòsàn kékeré àti gọ́tà. Ìpín kan wà nínú rẹ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara, láti fi ra irinṣẹ́ òwò tàbí kẹ̀kẹ́ arọ, tàbí láti fi sanwó ilé ìwé. Ọ́fíìsì ìgbáyégbádùn tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ti ń béèrè fún un.

Yàtọ̀ sí Common Fund, ìrànwọ́ LEAP tún wà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008. Owó ni wọ́n ń fún àwọn ìdílé tó tálákà jù: ẹni tó ń tọ́ ọmọ òrukàn, àgbàlagbà tí kò lólùrànlọ́wọ́, aláàbọ̀ ara tí kò lè ṣiṣẹ́. Wọ́n fi aláboyún àti ọmọ ọwọ́ kún un lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá wà nínú LEAP kì í sanwó káàdì ìlera NHIS.

Ta ni ká wá bi nípa owó Common Fund? Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ń dìbò yan ẹnì kan sí Assembly, ìyẹn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Onítọ̀hún kò gbọdọ̀ dúró lórúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nítorí náà ti gbogbo àdúgbò ni. Nínú ọmọ ìgbìmọ̀ 10, 7 ni aráàlú ń yàn. Ààrẹ ló ń yan ìyókù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ló yẹ kí owó Common Fund wọlé, ó sì máa ń pẹ́. Ẹ bi aṣojú yín ní gbangba, lójú ìyálé àti àwọn ọ̀dọ́: èló ló wọlé, ìgbà wo ló wọlé, kí sì ni wọ́n kọ sínú ìwé ìnáwó fún àdúgbò wa?