ÀRÒKỌ ALÁRÌÍYÀNJIYÀN: MÁNÍJÀ TÓ TI PẸ́ LẸ́NU IṢẸ́

Ìbéèrè: Kọ àròkọ láti ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn: “Ó yẹ kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù pààrọ̀ máníjà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ń jó àjórẹ̀yìn.”

Ìmọ̀ràn fún akẹ́kọ̀ọ́

Bí orí-ọ̀rọ̀ bá ti jẹ mọ́ bọ́ọ̀lù, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa sọ àròkọ wọn di ariwo pápá. Wọn a máa yin ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn, wọn a sì máa bú èyí tí wọn kò fẹ́. Máàkì kò sí nínú èyí. Ohun tí olùdánwò ń wá ni bí o ṣe lè di ìhà kan mú, kí o fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn, kí o sì dá alátakò rẹ lóhùn láìbú u.

Ìlapa èrò

(i) Ìfáárà: kíkí àwùjọ àti sísọ ìhà tí mo wà.
(ii) Iṣẹ́ rere tí máníjà ti ṣe.
(iii) Ẹ̀rí pé iṣẹ́ náà ti ń jó àjórẹ̀yìn, àti ìdí rẹ̀.
(iv) Ọ̀rọ̀ alátakò àti ìdáhùn mi.
(v) Ìkádìí.

Àpẹẹrẹ àròkọ

Alága ìjókòó, ẹ̀yin onídàájọ́ tí ẹ kì í ṣègbè, olùṣọ́ àkókò, ẹ̀yin alátakò mi, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín. Mo dúró níwájú yín láti sọ pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù pààrọ̀ máníjà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ń jó àjórẹ̀yìn. N kò sọ pé pípẹ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé a kò gbọdọ̀ fi pípẹ́ bo àṣìṣe mọ́lẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ mi má baà dà bí àhesọ, n ó fi ẹgbẹ́ Arsenal ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1996 ni Arsène Wenger, ọmọ ilẹ̀ Faransé, di máníjà wọn. Bí a bá perí akọni, à á fi idà lalẹ̀. Ó gba líìgì ní 1998, 2002 àti 2004. Ní sáà 2003 sí 2004, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 ni wọ́n gbá nínú líìgì; wọ́n borí nínú 26, wọ́n gbá ọ̀mì nínú 12, ẹnikẹ́ni kò sì borí wọn. Nwankwo Kanu, ọmọ ilẹ̀ wa Nàìjíríà, wà nínú ikọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí babaláwo fi ń difá ọrọọrún. Lẹ́yìn 2004, Arsenal kò gba líìgì mọ́ títí Wenger fi lọ. Ní 2011, Manchester United gbá góòlù mẹ́jọ wọlé wọn, méjì péré ni wọ́n sì rí dá padà. Ní 2017, Bayern Munich ti ilẹ̀ Jámánì nà wọ́n ní márùn-ún sí ẹyọ kan nílé, ó sì tún nà wọ́n ní márùn-ún sí ẹyọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún náà, ipò karùn-ún ni wọ́n wà nínú líìgì. Láti ìgbà tí Wenger ti dé, wọn kò bọ́ sẹ́yìn ipò kẹrin rí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ipò kẹfà ni wọ́n bọ́ sí.

Kí ló fà á? Nígbà tí Wenger dé, ó yí oúnjẹ àwọn agbábọ́ọ̀lù padà, ó sì yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà múra ìdíje padà. Ìmọ̀ yìí ló fi ta àwọn yòókù yọ. Nígbà tó yá, àwọn yòókù kọ́ ọ, ohun tó jẹ́ àṣírí tẹ́lẹ̀ sì di ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ ń ṣe.

Alátakò mi lè sọ pé Wenger tún gba ife FA ní 2014, 2015 àti 2017. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdíje ọlọ́jọ́ díẹ̀ ni ti ife. Líìgì tí wọ́n ń gbá láti oṣù Kẹjọ títí di oṣù Karùn-ún ni òṣùwọ̀n tòótọ́. Ó tún lè ní kí a wo Alex Ferguson, ẹni tó dé Manchester United ní 1986, tí kò gba líìgì títí di 1993, tó sì gba 13 kó tó fẹ̀yìntì ní 2013. Èmi náà gbà pé sùúrù dára. Ṣùgbọ́n sùúrù fún ẹni tó ń gòkè bọ̀ yàtọ̀ sí sùúrù fún ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀.

Bí alátakò mi bá sì rántí pé Unai Emery, tó rọ́pò Wenger, kò lo ọdún méjì kí wọ́n tó lé e, kò parọ́. Pípààrọ̀ nìkan kò tó. A gbọ́dọ̀ yan ẹni tó yẹ. Mikel Arteta, tó ti gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ Wenger, ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún ní oṣù Kejìlá 2019. Ó gba ife FA ní 2020, ó sì gbé wọn dé ipò kejì nínú líìgì ní 2023 àti 2024. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í rọ́pò rẹ̀.

Ní ìkádìí, àwọn kan ń bẹ̀rù pé àìmoore ni kí a pààrọ̀ ẹni tó ti ṣe wá lóore. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2018, nígbà tí Wenger ń dágbére nílé, àwọn èrò dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ní 2023, ẹgbẹ́ náà gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ síwájú pápá ìṣeré wọn. Ẹgbẹ́ lè dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbà, kí ó sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́.

Àkíyèsí

Wò ó pé akẹ́kọ̀ọ́ yìí yin máníjà kí ó tó dá a lẹ́bi, pé ọdún àti iye góòlù ló fi ṣe ẹ̀rí, àti pé kò fi ọ̀rọ̀ tó le jù lẹ́nu alátakò rẹ̀ pamọ́. Òwe mẹ́ta péré ló lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì bá ibi tó wà mu.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Kọ àròkọ láti tako ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Fi ọ̀rọ̀ Ferguson bẹ̀rẹ̀.